Tọ́ọ̀ṣì UV tí mo fi ń wo lẹ́búlẹ́bú wúrà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra tọ́ọ̀ṣì kí n tó rí èyí tó ṣiṣẹ́. Póùn mẹ́sàn-án ni mo ra àkọ́kọ́, owó ìyà sì ni. Wọ́n kọ 365 nm, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ UV (ultraviolet), gàdàgbà sí i lára, àmọ́ bí mo ṣe tàn án sára ògiri báyìí, ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò ló gba gbogbo ibẹ̀ kan. UV 365 tòótọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò dá mi lóhùn dòní.

Iṣẹ́ láàbù ni mo rà á fún. Èròjà wúrà kan wà tí Hajime Ito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hokkaido, ní Japan, kọ ìwádìí lé lórí lọ́dún 2008. Tan UV sí i, búlúù ló máa tàn. Fi ọmọ odó lọ̀ ọ́, ó di yẹ́lò. Kò gba iná, kò gba àpòpọ̀ kankan, agbára ọwọ́ lásán ni. Lílọ̀ yẹn ló tú ètò tí àwọn átọ́ọ̀mù wúrà inú rẹ̀ fi jìnnà síra. Wúrà wá sún mọ́ wúrà, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sì yí padà.

Tọ́ọ̀ṣì burúkú yẹn gbé búlúù náà mì pátápátá. Mo lọ̀ ọ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn mí, àbúrò kan, ọmọ Èkìtì, ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyán lẹ̀ ń gún ni?”

Èkejì, póùn méjìlélọ́gbọ̀n, ní gíláàsì dúdú lẹ́nu tó ń dá elésè àlùkò dúró. Mo pa iná yàrá, mo tẹ́ lẹ́búlẹ́bú náà fẹ́lẹ́ sórí bébà (gbogbo rẹ̀ kò kún ṣíbí tíì), mo wá fi ẹnu ṣíbí irin tẹ lẹ́tà A mọ́ ọn. A yẹ́lò rèé láàárín búlúù! Mo kán dichloromethane, kẹ́míkà olómi kan, lé e, ó sì parẹ́, gbogbo rẹ̀ padà di búlúù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ mọ́.

Àlébù rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ara rẹ̀ ti gbóná. Bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀ jù, ó ti tàn fúnra rẹ̀ lápò mi rí, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń tẹjú mọ́. Wọn ò sì fi awò ojú sí i. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Awò ojú ló jẹ ìkarùn-ún.