Orin tí Jaanu Kọ̀ tí Kò Kọ: Mo Wo Fíìmù '96

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wo '96, fíìmù ìfẹ́ kan láti Íńdíà, ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sì tó yé mi. Kì í ṣe pé ìtàn rẹ̀ lọ́jú pọ̀. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ wò ó, wọ́n fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìtumọ̀ á pòórá. Ó dùn mí, torí inú orin gan-an ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fíìmù yìí wà.

C. Prem Kumar ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀, oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló jáde. Èdè Tamil, ti gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe Híńdì tí etí ọ̀pọ̀ wa ti mọ́ láti kékeré. Ram, tí Vijay Sethupathi ṣe, ń fi fọ́tò yíyà rìnrìn àjò kiri. Ó yà sí Thanjavur, ó wọ ọgbà ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́, láti ibẹ̀ ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pe ara wọn jọ sí ìlú Chennai. Jaanu, olólùfẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, tí Trisha ṣe, wá láti Singapore, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ obìnrin kan.

Nílé ìwé, Jaanu lolórin kíláàsì. Orúkọ S. Janaki, gbajúmọ̀ akọrin, ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó kọrin, ọ̀kan ṣoṣo ni Ram ń fẹ́ gbọ́: Yamunai Aatrile, tí Ilaiyaraaja ṣe sínú fíìmù Thalapathi lọ́dún 1991. Jaanu mọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ òmíràn.

Arákùnrin Tamil kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló túmọ̀ orin náà fún mi lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní Radha ló wà létí odò Yamuna, tó ń wọ̀nà fún olólùfẹ́ rẹ̀ Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, títí ó fi rọ bí ewé tí kò rómi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún fíìmù náà wò, tèmi tìyàwó mi.

Ẹ dúró de ibi tí wọ́n ti wà nílé Ram. Òjò ti pa Jaanu, ṣẹ́ẹ̀tì Ram ló wọ̀. Iná bá lọ. Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà rí mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́ lójijì nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí Ram ṣe lọ wá ìmọ́lẹ̀ ni Jaanu gbé orin náà nínú òkùnkùn, orin tó ti fi pamọ́ fún un lóhun tó lé lógún ọdún. Akọrin Chinmayi ló ni ohùn yẹn. Ẹ wo Ram bó ṣe ń sáré bọ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀.

Ìyàwó mi ò gba ti Ram rárá. "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ọkùnrin yìí! Ó débi ìgbéyàwó ọmọbìnrin náà, kò lè yọjú sí i?" Mo ní ó rò pé Jaanu ti kọ òun ni. Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbì kan: Ram lọ bá Jaanu ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Jaanu ṣì í mú fún ẹlòmíràn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní òun ò fẹ́ rí i, ó parí. Àṣìmú kan ṣoṣo kéré jù láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà sì falẹ̀ díẹ̀.

Orin Govind Vasantha ló ń gbé e ró. Ẹ ò ní rí ogunlọ́gọ̀ oníjó lórí òkè. Violin rẹ̀ kàn ń sunkún wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ni. Kaathalae Kaathalae, ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀, ṣì wà lórí fóònù mi.

Lẹ́yìn tí Ram sin Jaanu dé pápákọ̀ òfuurufú tán, ó padà sílé, ó ká aṣọ tí Jaanu fi sílẹ̀, ó rọra tò ó sínú àpótí tó ń kó gbogbo nǹkan rẹ̀ pamọ́ sí. Níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì, tó ti ń bínú sí i láti àárọ̀ fíìmù, fa ìborùn rẹ̀ bojú.