Àpótí ẹja lítà 40: ohun tí kò sí nínú páálí

Àpótí ẹja fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni à ń yẹ̀ wò yìí. Gíláàsì, hítà 50 wáàtì, asẹ́ omi oníná, òkúta wẹ́wẹ́, iná, bébà ìdánwò omi àti ìgò oògùn tó ń pa chlorine inú omi ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò ku nǹkan kan. Ó kù o. Aláìlẹ́mìí ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ bakitéríà tí ojú kò rí ló ń dá ẹja sí.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Bakitéríà kan á sọ ọ́ di nitrite, májèlé náà ni. Òmíràn á sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà níwọ̀nba. Ara òkúta àti fóòmù asẹ́ ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìwé ìlànà inú páálí ní kí ẹ dúró fún wákàtí 24 péré. Ẹja á kú, ẹni tó tà á ni wọ́n á sì máa bú.

Kí ẹja tó wọ̀ ọ́, ẹ rọ omi, ẹ fi oògùn tó ń pa chlorine sí i, ẹ gbé hítà sí 26°C, kí asẹ́ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ kán amóníà tí kò ní ọṣẹ tàbí lọ́fínńdà sí i títí yóò fi jẹ́ 2 mg nínú lítà kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì-méjì. Bó bá ti lọ tán, ẹ tún fi sí i. Ọjọ́ tí amóníà àti nitrite bá di òdo láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí ẹ kán an, omi ti ṣetán fún ẹja. Ẹ pààrọ̀ ìdajì rẹ̀, kí ẹ kó ẹja kéékèèké 2 tàbí 3 sí i. Bébà ìdánwò inú páálí kò wọn amóníà rárá, ẹ ra ti olómi.

Gíláàsì àti hítà dára. Iná náà mọ́lẹ̀, àmọ́ bó bá ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, èérí aláwọ̀ ewé á bo gíláàsì (ohun ẹlẹ́mìí lòun náà, kò kàn sẹ́ni tó pè é ni).

Asẹ́ ló burú jù. Fóòmù rẹ̀ tín-ín-rín, nítorí náà àpò èédú inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bakitéríà fi ṣelé, ìwé ìlànà sì ní kí ẹ máa jù ú nù lóṣooṣù. Ẹ gé fóòmù tó nípọn síwájú àpò náà. Tó bá dọ̀tí, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ fà látinú àpótí ni kí ẹ ti fún un. Chlorine omi ẹ̀rọ á pa bakitéríà inú rẹ̀.