Ètò Ìrìn-àjò Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta ní Siem Reap: Ohun Tó Tó Owó Rẹ̀ àti Ohun Tí Kò Tó O

Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn tẹ́ńpìlì Angkor ní orílẹ̀-èdè Kàmbódíà, tí kò sì ní àkókò púpọ̀, ètò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àwọn ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò ń tà ní ìlú Siem Reap ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo bá lọ nínú oṣù Kejì, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Owó tí a san fún afinimọ̀nà kò ṣòfò rárá. Owó tí a san fún abúlé orí omi ló ń dùn mí. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ètò tó jọ èyí, pẹ̀lú àbùkù tó jọ èyí, kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Iye tí wọ́n kọ sínú ìpolówó kan ọkọ̀, afinimọ̀nà, omi mímu, oúnjẹ ọ̀sán, àti gbígbé wa láti pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, èyí tó fi ohun tó ju kìlómítà 40 jìnnà sí ìlú. Kò kan ìwé ìwọlé kankan. Ìwé ìwọlé Angkor fún àjèjì jẹ́ dọ́là 37 fún ọjọ́ kan, dọ́là 62 fún ọjọ́ mẹ́ta àti dọ́là 72 fún ọjọ́ méje. Iye yìí ni wọ́n ti ń gbà láti ọdún 2017, dọ́là 2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn Kantha Bopha, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Òkè Kulen tún ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, dọ́là 20. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó ìwọlé nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí a ti san fún ètò náà tẹ́lẹ̀. Àǹfààní kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà kò sọ fún wa: ìwé ìwọlé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣeé lò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kò pọn dandan kí àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ léra. Nígbà tó sì jẹ́ pé adágún odò ni ètò náà ń gbé ènìyàn lọ ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kan ṣẹ́ kù lórí ìwé wa, mo sì fi í lọ sí tẹ́ńpìlì Preah Khan fúnra mi, láìsan kọ́bọ̀ lé e.

Afinimọ̀nà wa ló jẹ́ kí n lè fi ọkàn balẹ̀ yin ètò yìí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Angkor gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, aṣọ iṣẹ́ wọn sì ni a fi ń dá wọn mọ̀. Tiwa jẹ́ àgbà ọkùnrin kan tí kì í fẹ́ kí a sáré. Yíyọ oòrùn ni gbogbo ìpolówó ń fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra, nítorí pé Angkor Wat kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tẹ́ńpìlì Khmer, ìyẹn àwọn ènìyàn tó kọ́ Angkor, oòrùn a sì máa yọ láti ẹ̀yìn àwọn ilé gogoro rẹ̀. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní etí adágún kékeré tó wà níwájú rẹ̀, kálukú na fóònù sókè, kùrukùru sì bo oòrùn títí ó fi ga. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni ó fẹ́ tìtorí rẹ̀ jí lóru, kí ó rọra sùn. Èrè tiwa dé lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn èrò yẹn padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ jẹun àárọ̀, tí afinimọ̀nà mú wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìhà ìlà oòrùn tó dá páropáro, tó sì ní kí a jókòó síwájú àwòrán kan tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 49.

Ẹni tó bá dá nìkan kọjá níbẹ̀ yóò rò pé àwọn ọkùnrin tó ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni òun rí. Ìtàn Híńdù nípa bí àwọn òrìṣà àti àwọn ẹbọra ṣe jọ po òkun wàrà kí wọ́n lè rí omi àìkú ni. Ejò Vasuki ni okùn tí wọ́n ń fà; àwọn ẹbọra 92 di ìhà orí rẹ̀ mú, àwọn òrìṣà 88 di ìhà ìrù; Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá Híńdù, dúró láàárín, ìjàpá sì gbé òkè tí wọ́n fi ń po òkun náà ró lẹ́yìn rẹ̀, ìjàpá tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú ìtàn tiwọn. Afinimọ̀nà náà fi ìka tọ́ka sí ẹja tó ń gé sí méjì bí ó ti ń sún mọ́ ibi tí omi ti ń hó, àti àwọn obìnrin oníjó tí wọ́n ń jáde láti inú ìfóòfó òkun wá sókè. Ó ṣàlàyé pé Ọba Suryavarman Kejì kọ́ ilé náà fún Vishnu ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kejìlá, pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n sọ ọ́ di tiwọn lẹ́yìn náà, àti pé yàrà omi tó yí i ká fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 190. Kí àwọn tó ń lọ fi èyí sọ́kàn: ìpele òkè pátápátá tí wọ́n ń pè ní Bakan máa ń wà ní títì ní ọjọ́ mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ hàn síta gun ibẹ̀. Ìborùn tí ènìyàn dà bo èjìká kò tó; aṣọ alápá ni wọ́n ń fẹ́.

Ní tẹ́ńpìlì Bayon, tó wà láàárín ìlú olódi Angkor Thom tí Ọba Jayavarman Keje kọ́, gbogbo ènìyàn ló ń gbójú sókè wo àwọn ojú ńláńlá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lára àwọn ilé gogoro. Afinimọ̀nà wa ní kí a wo ìsàlẹ̀. Lára ògiri ìta, wọ́n gbẹ́ ọjà àti àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó àkùkọ jọ kí wọ́n lè bá ara wọn jà, aboyún tó ń rọbí, àti ogun ojú omi láàárín àwọn Khmer àti àwọn Cham, aládùúgbò wọn. Wọ́n tún gbẹ́ ẹja sí àárín àwọn igi. Mo rò pé agbẹ́gilére náà kàn ń kún àyè tó ṣófo ni, àmọ́ afinimọ̀nà wa ní bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, nítorí pé ní ìgbà òjò, adágún Tonle Sap máa ń bo igbó mọ́lẹ̀, ẹja a sì máa wẹ̀ láàárín ẹ̀ka igi. Irú àlàyé báyìí ni mo san owó fún.

Ta Prohm, tí ọba kan náà yà sí mímọ́ ní ọdún 1186 ní ìrántí ìyá rẹ̀, kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Gbòǹgbò igi tó wé mọ́ ògiri jẹ́ ohun ìyanu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó fẹ́ ya àwòrán níwájú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró pẹ́.

Ọjọ́ kejì ni mo gbádùn jù. Tẹ́ńpìlì Banteay Srei kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angkor Wat, kì í sì í ṣe ọba ló kọ́ ọ. Yajnavaraha, ọ̀kan nínú àwọn olóyè ààfin, ló kọ́ ọ, ọdún 967 ni wọ́n sì yà á sí mímọ́ fún òrìṣà Híńdù Shiva. Òkúta oníyanrìn aláwọ̀ pupa rẹ̀ gba iṣẹ́ ọnà tó fi jẹ́ pé ewé, òdòdó àti òrùka ọwọ́ àwọn ère náà hàn kedere lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 1923, ọ̀dọ́kùnrin ará Faransé kan, André Malraux, gé lára àwọn ère náà lọ, wọ́n sì mú un. Ọkùnrin kan náà ló padà di mínísítà àṣà ní Faransé. Afinimọ̀nà wa sọ èyí láìrẹ́rìn-ín.

Ní abúlé Preah Dak, lójú ọ̀nà tẹ́ńpìlì yìí, àwọn obìnrin ń se omi ọ̀pẹ nínú agbada ńlá létí títì títí yóò fi di ṣúgà. A jókòó tì wọ́n, wọ́n fún wa ní ìgbákọ kí a bá wọn ro ó, a sì ra díẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wa ni num banh chok, ìyẹn núdù ìrẹsì tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹja aláwọ̀ ewé lé, pẹ̀lú oríṣiríṣi ewé tútù; lálẹ́ a jẹ amok, ẹja tí wọ́n pò mọ́ omi àgbọn, tí wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sè bí mọ́ínmọ́ín eléwé. Ohun tí mo fẹ́ràn ní Preah Dak ni pé àwọn ará àdúgbò ló pọ̀ jù lára oníbàárà wọn. Ọjà wọn ni wọ́n ń tà, a kàn yà síbẹ̀ ni.

Ìbẹ̀wò kan wà tí kò sí nínú ètò náà, tí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé wa dé: ibùdó APOPO nínú ìlú Siem Reap. Ogun ọ̀pọ̀ ọdún fi bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Kàmbódíà, òkété ni ẹgbẹ́ yìí sì fi ń wá wọn. Ẹbí òkété tiwa gan-an ni, ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Imú wọn ń gbọ́ òórùn ohun abúgbàù nínú ilẹ̀, ara wọn sì fúyẹ́ débi pé bọ́ǹbù náà kì í bú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Bìrìtìkó ní ọdún 2020, ó sì kú ní ọdún 2022. Òkété tí Ifá pè ní ọ̀dàlẹ̀ ti tún orúkọ ṣe lókèèrè.

Òkè Kulen kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ ni Jayavarman Kejì ti kéde ara rẹ̀ ní ọba lórí gbogbo ọba ní ọdún 802, ẹsẹ̀ òkè náà ni wọ́n sì ti wa òkúta tí wọ́n fi kọ́ Angkor. Odò tí wọ́n gbẹ́ àmì Shiva sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n lóṣù Kejì, omi tó ń já láti orí àpáta ti dínkù, àwọn ọkọ̀ akérò sì kún ọ̀nà tóóró náà.

Adágún Tonle Sap ló kù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, adágún yìí kì í ju nǹkan bí 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, omi rẹ̀ a sì fà dé nǹkan bí mítà kan. Tí òjò bá dé, omi odò Mekong yóò ga, yóò sì ti odò Tonle Sap padà sẹ́yìn, kí ó máa ṣàn wọnú adágún dípò kí ó máa ṣàn jáde, adágún náà yóò sì fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Kampong Phluk, abúlé orí omi tí wọ́n gbé wa lọ, fi kọ́ ilé wọn sórí òpó gíga. Nínú oṣù Kejì, òpó nìkan ni a rí, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lábẹ́ wọn, ọkọ̀ wa sì ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀. Fífi ọkọ̀ alájẹ̀ kọjá láàárín igbó tí omi bò wà nínú ètò, a sì ti san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú igbó náà, àwọn tó tà á fún wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó sanwó.

Èyí tó burú jù ni bí wọ́n ṣe mú wa la abúlé náà kọjá. Ọkọ̀ ń lọ níwájú yàrá ìsùn àwọn ènìyàn, a ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò wá, ẹnikẹ́ni kò kí ẹnikẹ́ni. Afinimọ̀nà wa kò sí pẹ̀lú wa. Awakọ̀ ojú omi nìkan ló ń tọ́ wa, ó sì gbé wa dúró níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ní kí a ra àpò ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ní iye tó ju ti ọjà lọ fíìfíì. Kò sí ohun tó fi hàn pé ìrẹsì náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan, a sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí adágún yìí, kí ó lọ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá, kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó bóyá afinimọ̀nà yóò wọ ọkọ̀ pẹ̀lú òun. Ẹni tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń lọ, kí ó ní kí wọ́n yọ ọjọ́ kẹta kúrò. Ilé-iṣẹ́ tiwa máa ń gbà bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn bá béèrè.

A kọ̀wé sí wọn nígbà tí a délé. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá owó ọkọ̀ alájẹ̀ padà láìjanpata, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò tún ìpolówó náà ṣe. Nígbà tí mo wò ó nínú oṣù Kẹrin, tí omi adágún náà ti fà tán, àwòrán ọkọ̀ alájẹ̀ láàárín igi ṣì ni wọ́n fi síwájú.