Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí mo ti gba abẹ́rẹ́ aboyún n'Íbàdàn: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin aboyún tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn tẹ́ ẹ ń bèèrè ibi tẹ́ ẹ lè lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ibi témi lò. Sẹ́ńtà ìjọba ni, kò tóbi, yàrá mẹ́ta péré àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣàlàyé abẹ́rẹ́ aboyún fún mi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Nígbà oyún àkọ́bí mi, ọsibítù aládàáni tówó ẹ̀ wọ́n gan ni mo lò, wọ́n kàn ní kí n ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n gún un, ó parí, wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sí káàdì, torí ẹ̀ ni mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Abẹ́rẹ́ ipá ni mò ń sọ o, tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí TT, Td ni wọ́n ń pè é báyìí torí wọ́n ti fi ti dífítéríà, àrùn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, kún un. Mo bi nọ́ọ̀sì pé àǹtí, irin ò gún mi, n ò lójú egbò kankan, kí le wá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ipá sí? Wọn ò jágbe mọ́ mi rárá. Wọ́n ní, "Màmá, ọmọ inú yín la tún fẹ́ gbà á fún." Wọ́n ní tó bá ti wọlé, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kó sójà tó ń bá ipá jà jọ, àwọn sójà yìí á gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, pàápàá láti oṣù keje lọ, ibi ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń fà wọ́n kọjá, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé kì í fi í rí púpọ̀ gbà, ìdí náà nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí abẹ́rẹ́ kejì ti wọlé, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, BCG tó wà fún ikọ́ ife, ti pólíò àti ti hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni wọ́n ń fún un, ti ipá ò sí níbẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bẹ́ẹ̀ àárín ọjọ́ kẹta sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n ni ipá ń mú ọmọ tuntun. Mo délé mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí ṣèkejì mu ọyàn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún àgbọ̀n ẹ̀ le, ọyàn ò wọ ẹnu ẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án báyìí gbogbo ara ẹ̀ á gan. Giri ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Abẹ́ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ẹ̀, wọn ò sè é.

Ohun míì tó wú mi lórí ni pé kí nọ́ọ̀sì tó fa abẹ́rẹ́, wọ́n gbé ìgò ẹ̀ wá síwájú mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú kúlà ni. Àmì róbótó kan wà lára ẹ̀, onígun mẹ́rin kékeré wà láàárín ẹ̀. Wọ́n ní tí àárín yẹn bá ṣì funfun ju eteetí ẹ̀ lọ, ó dáa, tó bá ti dúdú bá a dọ́gba, ooru ti bà á jẹ́, kí n má gbà á. Tèmi funfun. Apá dùn mí fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ.

Ẹyọ kan ò tó o. Àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò boni, èkejì tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́, ó lè gbéni tó ọdún mẹ́ta, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ń gbéni tó ọdún márùn-ún, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún kan ń gbéni tó ọdún mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá wá gba ẹ̀karùn-ún lẹ́yìn ọdún kan sí i, ó tó yín bímọ títí tẹ́ ẹ fi máa dáwọ́ ọmọ dúró.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ti ìdúró ni. Aago méje ààbọ̀ ni mo débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjìlá kọjá kí wọ́n tó pe orúkọ mi, aboyún tóyún ẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́sàn-án jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ò ní ẹ̀yìn, kò dáa, ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti gbé e lọ gba tiẹ̀, torí nọ́ọ̀sì yẹn ti kìlọ̀ fún mi pé sójà àyálò ni àwọn tí mo fún un, wọn ò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tán lára ẹ̀. Túsìdeè ni wọ́n ń rí aboyún, Tọ́sìdeè ni ti ọmọ. Ẹ mú káàdì àtijọ́ yín dání, kódà kó ti ya.