Ọjọ́ Kan ní Bergen: Kí Ni Ó Yẹ kí Èrò Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Fi Owó Rẹ̀ Rà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tí ń ṣí láti Southampton lọ sí etíkun Nọ́wè ni ó máa ń gúnlẹ̀ sí ìlú Bergen, wọn kì í sì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀: wọn a dé láàárọ̀, wọn a sì tún gbéra nírọ̀lẹ́. Kí èrò tó di ẹrù rẹ̀ rárá ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń fi àwòrán òkè àti omi ránṣẹ́ sí i, tí iye owó sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ìfiwéra yìí fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti tu owó jọ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ lásán. Ohun mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń tà fún èrò ni mo gbé yẹ̀wò: Fløibanen, èyí tí í ṣe rélùwéè tí ń gun òkè Fløyen láti àárín ìlú, ọkọ̀ orí okùn tí ń lọ sí téńté òkè Ulriken, àti ìrìn àbẹ̀wò oníbọ́ọ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣètò. Mo ti dé Bergen lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fi owó ara mi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdájọ́ mi ni pé Fløibanen ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà, kí wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan.

Ọ̀rọ̀ físà ṣáájú ọ̀rọ̀ òkè. Ẹni tí ó ní pásípọ́ọ̀tù Britain kò nílò físà láti sọ̀ kalẹ̀ ní Bergen fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rìn nílò físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, bí ìwé ìgbélùú Britain rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé Nọ́wè kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n sì rò pé òfin Schengen kò kàn án. Ó kàn án. Ní èbúté Southampton gan-an ni wọ́n ti lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, kí owó tí ó ti san sì wọgbó. Kí a yanjú èyí kí a tó ra ohunkóhun.

Ohun tí ó dára jù ní Bergen kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ ya àkókò sọ́tọ̀ fún, kí ohun tí a fẹ́ rà má baà jẹ ẹ́ run. Orúkọ rẹ̀ ni Bryggen, ọ̀wọ́ àwọn ilé onígi tí wọ́n tò sí etí omi, tí ògiri wọn jẹ́ pupa, yẹ́lò àti funfun. Lẹ́yìn iná ńlá ọdún 1702 ni wọ́n tún un kọ́, ní ọdún 1979 ni UNESCO sì fi í sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Àwọn oníṣòwò Jámánì tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Hansa fìdí ilé-iṣẹ́ wọn múlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1360, ọjà pàtàkì tí wọ́n sì ń rà ni pánlá gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, pánlá tiwa yìí, èyí tí àwọn Igbo ń pè ní okporoko. Láti Lofoten àti àwọn erékùṣù àríwá ni wọ́n ti ń pa ẹja náà, wọn a so ó rọ̀ sórí igi ní ìta gbangba láìfi iyọ̀ kankan sí i, atẹ́gùn tútù ìparí ìgbà òtútù yóò sì gbẹ ẹ́ kalẹ̀. Àwọn apẹja yóò kó o wá sí Bergen, wọn yóò sì gba ọkà padà lọ sílé. Pánlá ṣe pàtàkì sí àwọn oníṣòwò náà dé ibi pé nínú àmì ilé-iṣẹ́ wọn, ìdajì ẹyẹ idì wà ní apá kan, pánlá tí ó dé adé sì wà ní apá kejì. Títí di òní, Nàìjíríà wà lára àwọn tí ń ra pánlá Nọ́wè jù lọ, pàápàá orí rẹ̀.

Ìyá mi ni wọ́n jẹ́ kí n mọ bí ibẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Ọ̀nà tóóró wà láàárín àwọn ilé náà, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń dún bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ògiri ti fì sí ara wọn, òkè ilé kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì. Níbẹ̀ ni ìyá mi dúró sí, wọ́n gbé ọwọ́ lé òpó kan tí ojú rẹ̀ ti dán, wọ́n sì bi mí bóyá ibí ni pánlá tí àwọn máa ń rẹ sómi gbóná mọ́jú kí wọ́n tó fi í ro ẹ̀fọ́ ti ń kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí a tó kúrò níbẹ̀, a kò sì san kọ́bọ̀.

Nígbà tí a bá ti ya nǹkan bíi wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún Bryggen àti àárín ìlú, ìyókù ọjọ́ ni àwọn ohun mẹ́ta náà ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ibùdókọ̀ Fløibanen kò jìnnà sí Bryggen rárá; ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọdún 1918 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ méjì ni ó wà lórí okùn irin kan náà, bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ ni èrò yóò sì ti dé ibi tí ó ga tó mítà 320 ju òkun lọ. Láti ibẹ̀, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹni: òrùlé pupa, èbúté, àti ọkọ̀ tí ó gbé ẹni wá, tí ó ti kéré bí ohun ìṣeré ọmọdé. Inú igbó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ náà, adágún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Skomakerdiket wà níbẹ̀, pápá ìṣeré àwọn ọmọ náà sì wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ láti òkè wá sí ìlú dára, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba àárín igi, ẹni tí ara rẹ̀ bá dá yóò sì rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a ra àlọ nìkan, nítorí ìrìn àbọ̀ yẹn dùn ju jíjókòó nínú ọkọ̀ lọ. Àléébù Fløibanen ni èrò. Ìlú Bergen ti fi òté lé iye ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti èrò tí ó lè wá lóòjọ́, àmọ́ bí ìdá kan péré nínú àwọn èrò wọ̀nyí bá tò síwájú ibùdókọ̀ kan náà láago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ á ro ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní kùtùkùtù, tí ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, yóò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ulriken ní tirẹ̀ ga tó mítà 643, bí ìlọ́po méjì ibi tí Fløibanen ń gbé ènìyàn dé, òun ni ó sì ga jù nínú àwọn òkè méje tí ó yí Bergen ká. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ohun tí a ń rí níbẹ̀ kò ní àfiwé: àwọn erékùṣù lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn títí dé òkun gbalasa, òkè lórí òkè lọ́wọ́ ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n kò sí láàárín ìlú. A ó kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì dé ẹsẹ̀ òkè, a ó tún wọ ọkọ̀ orí okùn, owó méjèèjì sì pọ̀ ju ti Fløibanen lọ. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n á dá ọkọ̀ náà dúró. Bí ìkùukùu bá bo orí òkè, owó ìkùukùu ni a san. Àtẹ̀gùn òkúta tí àwọn Sherpa, ẹ̀yà olókè kan láti Nepal, tẹ́, tí ó lé ní 1,300, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gùn ún, àmọ́ n kò gba èrò ọkọ̀ tí àkókò rẹ̀ kò tó nǹkan nímọ̀ràn rẹ̀.

Ìrìn àbẹ̀wò ti ọkọ̀ ni ó wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ó sì tẹ́ mi lọ́rùn kéré jù. Nígbà tí mo rà á, a lo nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì láti tò, láti gba àmì aláwọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ àyà, àti láti dúró de àwọn tí wọ́n pẹ́. Nígbà tí a dé Bryggen, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Ohun tí ó yẹ kí olùrà ṣe ni pé kí ó ka àlàyé tí ó wà lábẹ́ iye owó dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju tíkẹ́ẹ̀tì Fløibanen àti ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ, èyí tí ènìyàn lè fi owó tí ó kéré gan-an ṣe fún ara rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ gidi jẹ́ méjì. Ó lè gbé ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, bíi Troldhaugen, ilé Edvard Grieg olórin. Ẹ̀kejì ni pé bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, ọkọ̀ yóò dúró dè é, nígbà tí kò ní dúró de ẹni tí ó dá rìn.

Bí a bá wá fi wọ́n lé orí òṣùwọ̀n kan náà, àkókò àti ojú ọjọ́ ni yóò pinnu. Fløibanen gba wákàtí méjì àti ìrìn àbọ̀. Ulriken gba ìdajì ọjọ́. Bọ́ọ̀sì ọkọ̀ gba iye wákàtí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, láìsí òmìnira. Òjò sì ń rọ̀ ní Bergen ní ohun tí ó ju 200 ọjọ́ lọ lọ́dún, nítorí náà ẹ má tètè ra Ulriken láti ilé. Kí ẹ dìde láàárọ̀, kí ẹ lọ sórí ọkọ̀, kí ẹ wo òkè. Bí òpó tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lórí Ulriken bá hàn gbangba, tí àkókò yín sì tó wákàtí mẹ́jọ, ẹ lọ síbẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo òpó náà, tí Fløyen sì hàn, ẹ lọ sí Fløyen. Bí a kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ fi owó yín sápò, ẹ wọ kóòtù òjò, kí ẹ sì lo ọjọ́ náà ní Bryggen.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, bíi ìyá mi, ni kí ó ra àlọ àti àbọ̀ Fløibanen, nítorí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ máa ń fìyà jẹ orúnkún ju ti ìgòkè lọ. Kí gbogbo ẹni tí ó bá dá rìn sì wo aago rẹ̀ dáadáa: wákàtí kan ni Nọ́wè fi ṣáájú Britain, fóònù yóò yí padà fúnra rẹ̀, aago inú ọkọ̀ sì lè má yí. Aago ọkọ̀ ni kí a tẹ̀ lé, kí a sì ti padà dé ẹnu àtẹ̀gùn rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá.