PS VR2, Index, Beyond àti Quest 3: ohun tí wáyà wọn lè gbé

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí awò VR (awò tí wọ́n ń dé sójú láti wọnú ayé tí kọ̀ǹpútà ń yàwòrán rẹ̀): iye píksẹ́lì (àwọn àmì wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán), iye Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àti HDR (ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yàtọ̀ síra gan-an) tó bá ní i. Ohun tí páálí kì í sọ ni pé wáyà kan náà ló ń gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ọ̀kan bá gbààyè jù, òmíràn gbọ́dọ̀ fún un láyè. DisplayPort ni irú wáyà tó ń gbé àwòrán jáde láti inú kọ̀ǹpútà: ẹ̀yà 1.2 rẹ̀ ò lè gbé ju nǹkan bíi 17.3 Gbps (bílíọ̀nù bíìtì dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, 1.4 ò sì ju 25.9 lọ. HDR ní tiẹ̀ ń lo bíìtì 10 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dípò 8, ẹrù náà á fi ìdá kan nínú mẹ́rin wúwo sí i.

Valve Index ti ọdún 2019 ni ìṣirò rẹ̀ yéni jù. Píksẹ́lì 1440 × 1600 ló wà fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ní 144 Hz, nǹkan bíi 15.9 Gbps ló ń gba inú DisplayPort 1.2 kọjá, ìyẹn ni pé wáyà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ká ní bíìtì 10 ni, á di 19.9, kò sì ní wọlé. Index ò ní HDR lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù tí èèyàn ti ń yírí kíákíá lẹ fẹ́ràn, 144 Hz yẹn ṣì tu ojú lára gan-an.

Bigscreen Beyond gba ọ̀nà mìíràn. 2560 × 2560 ni fún ojú kan, kò sì wúwo ju gíráàmù 127 lọ. Ẹni tó fẹ́ ka nọ́ńbà wínníwínní lójú pátákó ọkọ̀ òfuurufú nínú géèmù, òun ni mo máa ní kó rà. Ṣùgbọ́n 75 Hz ló mọ tó bá ń lo gbogbo píksẹ́lì rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yàn 90 Hz, àwòrán tó kéré ni kọ̀ǹpútà á fi ránṣẹ́, awò náà á wá fẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. 90 Hz lórí gbogbo píksẹ́lì á lé ní 28 Gbps láìfún dátà pọ̀, ìyẹn ju 25.9 tí DisplayPort 1.4 lè gbé lọ.

PS VR2 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. 2000 × 2040 fún ojú kan, OLED (píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀), 120 Hz, pẹ̀lú HDR. Lórí PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony, ẹ máa rí gbogbo rẹ̀: iná á tàn yòò nínú òkùnkùn tó dúdú kirikiri. Sony mú ádápítọ̀ tó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà jáde lóṣù August 2024, ṣùgbọ́n HDR ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ ibi tí ẹyinjú yín ń wò mọ́. 120 Hz ṣì wà. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ní bíìtì 8, nǹkan bíi 23.5 Gbps; ní bíìtì 10, 29.4, tó ju 25.9 ti DisplayPort 1.4 lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ HDR lẹ ń bá kiri tẹ́ ò sì ní PS5, ẹ má torí ẹ̀ rà á. Wáyà DisplayPort 1.4 ò sì sí nínú páálí ádápítọ̀ náà, ẹ máa rà á lọ́tọ̀ ni. Ẹ yẹ ara kọ̀ǹpútà yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó: ihò tí igun méjèèjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dagun, HDMI nìyẹn, kò sì wúlò fún un. Èyí tí wọ́n gé igun kan ṣoṣo rẹ̀ ni DisplayPort.

Quest 3 ò ní ojú ihò tí àwòrán ń gbà wọlé rárá. Kódà tẹ́ ẹ bá fi wáyà USB so ó, kọ̀ǹpútà máa ń fún àwòrán pọ̀ ni, láti nǹkan bíi 20 Gbps ní 90 Hz sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan Mbps (mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Níbi tó mọ́lẹ̀, ẹ lè má mọ̀. Nínú ihò àpáta tó ṣókùnkùn, ẹ máa rí i tí òkùnkùn yẹn ń pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin. LCD ni (iná láti ẹ̀yìn ló ń tan ojú rẹ̀), kò ní HDR. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà alágbára lè dá a lò láìso ó mọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìsí wáyà, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ráútà náà sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín.