Àgbéyẹ̀wò: Bí mo ṣe kọ́ ajá ilé mi di ajá ìtùnú nílé ìtọ́jú arúgbó

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: kíláàsì ìgbọràn tí mo mú ajá mi lọ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ìwà rere ajá tí wọ́n ń pè ní Canine Good Citizen, èyí tí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá níbẹ̀, gbé kalẹ̀, àti ètò Pet Partners tí a forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí a lè máa bẹ àwọn arúgbó wò. Bí ẹ bá ń béèrè bóyá ó tọ́ sí owó àti àkókò yín, ó tọ́ sí i. Àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó gbogbo owó lé kíláàsì lórí, tí wọ́n gbà pé tí ajá bá ti lè jókòó, tó lè dùbúlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ajá tó gbọ́ràn pọ̀ nílùú. Èyí tí àjèjì mẹ́ta máa yí ká, tí wọ́n máa fà létí, tí ọ̀kan nínú wọn máa bú sẹ́kún lójijì, síbẹ̀ tí kò ní wá ọ̀nà àtisá, òun ló ṣọ̀wọ́n. Kíláàsì nìkan kò lè sọ ajá dà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ajá mi ń jẹ́ Sùúrù. Abo ni, àdàlù Labrador àti ẹ̀yà mìíràn, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí àwọn ènìyàn kọ̀ sílẹ̀ ni mo ti gbà á. Kí n tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí ni mo ti ń ṣọ́ ìwà rẹ̀. Tí àlejò bá wọlé, ṣe ló máa ń lọ fara tì í, kì í fò mọ́ ọn. Tí ìkòkò bá já lulẹ̀ ní kíṣìnì, á ta kìjí, á sì tún padà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìpadàwá yẹn ni mo kà sí jù. Ajá tó bá ta kìjí tó sì tètè padà sípò ṣeé kọ́. Èyí tó bá sá sábẹ́ ibùsùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ayé rẹ̀ nílé, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan kan sọ́tọ̀ kíákíá, nítorí àwọn tó ń bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ajá tó ń ṣamọ̀nà afọ́jú, tàbí tó ń kìlọ̀ fún ẹni tí wárápá ń ṣe, òfin Americans with Disabilities Act ti ọdún 1990 ló fún un láàyè láti bá ẹni tó ni ín wọ ilé oúnjẹ àti ọjà. Ajá ìtùnú, èyí tí wọ́n ń pè ní therapy dog níbí, kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá pè é sí nìkan ló ń wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé ẹ̀rí àti aṣọ ajá fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní ajá yín á lè wọ ibikíbi, ẹ má dá a lóhùn. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ajá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kíláàsì ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ilé ẹ̀kọ́ ajá kékeré kan nítòsí ilé mi ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń pàdé, owó rẹ̀ kò tó $200. Olùkọ́ wa ni ohun tó dára jù níbẹ̀. Kì í pariwo, kì í ja okùn mọ́ ajá lọ́rùn. Bí ajá bá ṣe ohun tó tọ́, á gba ègé ẹran adìẹ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe é, kò ní rí nǹkan gbà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé pàṣán ló ń kọ́ ajá lọ́gbọ́n. Ajá tí a fi pàṣán kọ́ lè gbọ́ràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá gbéra sókè lójijì á máa bà á lẹ́rù, ọwọ́ ẹni tó ní àìsàn Parkinson sì máa ń gbọ̀n, ó máa ń gbéra láìròtẹ́lẹ̀. Ajá tó ń fòyà ọwọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Èdè Yorùbá ni mo fi ń pàṣẹ fún Sùúrù: jókòó, dùbúlẹ̀, dúró, máa bọ̀, fi sílẹ̀. Olùkọ́ kò bìkítà, àwọn tó ṣe ìdánwò fún wa náà kò bìkítà. Ohun tí ajá ṣe ni wọ́n ń wò.

Ibi tí kíláàsì náà kù sí ni pé kò jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn rárá. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ojú kan náà ni ajá ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ariwo. Nílé ìtọ́jú, ilẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀. Ẹ̀rọ ń dún, òórùn oògùn apakòkòrò gba ibẹ̀ kan, ilẹ̀kùn lífìtì ń ṣí ó ń pa. Ajá tó pegedé nínú gbọ̀ngàn lè dé ibẹ̀ kó dà bí ẹni tí kò kọ́ ohunkóhun rí.

Ìdánwò Canine Good Citizen ti wà láti ọdún 1989, ajá ẹ̀yàkẹ́yà ló sì lè ṣe é, ìbáà jẹ́ àdàlù. Ohun 10 ni wọ́n ń wò. Àjèjì á wá bọ̀ yín lọ́wọ́, ajá kò gbọdọ̀ fò mọ́ ọn. Wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á yẹ etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ mú wá ya irun rẹ̀. Ẹ ó mú un rìn láàárín èrò láìjẹ́ kí okùn le. Ẹ ó ní kó dúró, ẹ ó rìn lọ títí dé òpin okùn ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ ó pè é láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ajá mìíràn á kọjá, wọ́n lè ju àga lulẹ̀ tàbí kí ẹnì kan sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ lè yìn ín lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gbọdọ̀ jáde lápò. Okùn ọrùn onírin ṣóńṣó àti èyí tó ń lo iná mànàmáná jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ló le jù fún ọ̀pọ̀ ajá. Ẹ ó fa okùn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ ó sì lọ síbi tí ajá kò ti lè rí yín fún ìṣẹ́jú 3. Kò gbọdọ̀ máa gbó tàbí kó máa ké ṣáá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ní kùtùkùtù, kí ẹ máa fa okùn lé aládùúgbò lọ́wọ́, kí ẹ jáde kúrò lójú rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà, kí ẹ sì padà kó tó bẹ̀rẹ̀ igbe. Ìdánwò tó mọ́gbọ́n dání ni lápapọ̀. Ṣùgbọ́n kò bi ajá bóyá ó fẹ́ràn àjèjì. Bóyá ó lè fara dà á ló ń béèrè.

Iṣẹ́ tí a ṣe nílé ló ṣe wá láǹfààní jù lọ, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ náni ní nǹkan kan. Mo yá wọ́kà, irin tí arúgbó fi ń rìn, àti àga oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tí ìyá rẹ̀ kò lò ó mọ́, mo gbé wọn sí pálọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n kàn wà níbẹ̀, mo wọ́n ìpápánu yí wọn ká. Nígbà tí Sùúrù ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ mi jókòó sínú àga náà, tó ń yí i kiri ilé. Ajá ní láti mọ bí a ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà há. Ó ní láti mọ bí a ṣe ń gbé àgbọ̀n lé ẹni tó jókòó lórí itan láìgbé ẹsẹ̀ lé e, nítorí awọ ara arúgbó fẹ́lẹ́, èékánná lè ya á. Bákan náà ni dídìmọ́ra. Ajá kì í fẹ́ kí a dì mọ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyè rẹ̀ ti ń ra kò ní rántí ìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan léjìká rẹ̀ àti ègé ẹran, mo fi ọwọ́ kejì kún un, títí ó fi di ohun tó ń retí ire nídìí rẹ̀.

Àṣẹ tí mo kà sí jù ni “fi sílẹ̀”. Oògùn máa ń bọ́ lọ́wọ́ arúgbó, ó sì máa ń yí sábẹ́ ibùsùn. Ibuprofen, oògùn ara ríro, lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Ṣokoléètì, èso àjàrà, àti ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol (èròjà adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà) ṣe, májèlé ni fún un. Ẹran díndín ni mo fi dán Sùúrù wò. Ajá tó bá lè rí ẹran díndín nílẹ̀, kó sì gbójú sókè wò mí, á fi hóró oògùn sílẹ̀.

Pet Partners ni mo fún ní ipò kìíní. Ọdún 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Delta Foundation ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ẹ̀yà ẹranko 9 ni wọ́n ń gbà, ológbò, ehoro, ẹṣin, ẹlẹ́dẹ̀, títí dórí eku. Ajá gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 1, ó sì gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù 6 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi jẹ́ dandan. Ajá tó ń jẹ ẹran tútù kò lè wọlé, nítorí kòkòrò bíi salmonella lè wà ní ẹnu àti nínú ìgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ara òun fúnra rẹ̀ le, ara aláìsàn kò sì lè gbà á. Ajá tí wọ́n ti kọ́ láti máa bu ènìyàn jẹ kí ó lè ṣọ́ ilé kò lè wọlé pẹ̀lú. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ajá ọdẹ lẹ́nu géètì, kó fi òmíràn ṣe iṣẹ́ ìtùnú.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ètò náà ni pé ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó mú ajá lọ́wọ́: bí a ṣe ń fọwọ́ ṣáájú ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀, bí a kì í ṣe gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn jáde, bí a ṣe ń fọgbọ́n parí ìbẹ̀wò. Nígbà ìdánwò, wọ́n ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wá bá wa, wọ́n pariwo bí ẹni tínú ń bí, wọ́n kọlu Sùúrù láti ẹ̀yìn, wọ́n pagbo yí i ká láti fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi gan-an ni wọ́n sì ń ṣọ́: ṣé mo bá a sọ̀rọ̀, ṣé mo yí i kúrò nígbà tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ìwọ ni agbẹjọ́rò ẹranko rẹ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ajá mi dáadáa. Tó bá ń lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, tó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tó yí orí kúrò, tí funfun ojú rẹ̀ hàn, ó ti tó fún un. Ìrù jíjù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ayọ̀. Wákàtí 2 ni Pet Partners fi ṣe òpin fún iṣẹ́ ojúmọ́ kan, èmi kì í jẹ́ kí ó sún mọ́ ọn. Tí Sùúrù bá ti yíjú sí ilẹ̀kùn, ìbẹ̀wò parí nìyẹn, ẹni yòówù tó kù tí a kò tíì rí.

Nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni Elaine Smith, ẹni tó dá Therapy Dogs International sílẹ̀ ní New Jersey lọ́dún 1976, lẹ́yìn tó ti rí bí ajá àlùfáà kan ṣe ń múnú àwọn aláìsàn dùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó rí yẹn, mo ti rí i. Bàbá kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, tí kì í fẹ́ ṣe eré ìdárayá tí wọ́n ní kó ṣe. Wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kó fi ya irun Sùúrù, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà ló sì fi ń yà á, títí ó fi ń làágùn. Ìyá kan náà wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ọmọ mi, dá a dúró síbẹ̀ o.” Mo dá a dúró. Títí di òní, wọn kò fọwọ́ kàn án, èmi náà kò sì fìgbà kan bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kọjá, wọ́n á pè láti orí ibùsùn pé, “Sùúrù dà?” Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀kánkán, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun. Ìbẹ̀wò gidi nìyẹn náà.

Ẹ̀yin tó wà nílé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ẹ sì ní ajá tó níwà pẹ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ajá ni ó tó ìdá 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tó ń ran ènìyàn lágbàáyé ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u kúrò lórí okùn ẹ̀yìnkùlé, ẹ jẹ́ kó mọ ọwọ́ ènìyàn.

Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún kíláàsì ní 3, Canine Good Citizen ní 4, Pet Partners ní 5. Ọdún 2 sí ọdún 2 la ń tún ìforúkọsílẹ̀ Pet Partners ṣe, pẹ̀lú ìdánwò tuntun, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ajá ń dàgbà, eegun rẹ̀ lè máa dùn ún, ohun tó fẹ́ lánàá lè sú u lónìí. Kí ẹ tó sanwó kíláàsì èyíkéyìí, ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ wá jókòó wòran láìmú ajá dání. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ajá bá ṣì í ṣe, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n máa ń mú àwọn ajá jáde lọ síbi tí èrò wà. Tí wọ́n bá kọ̀ kí ẹ wòran, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.